Ọ̀rá Tí Wọ́n Tẹ́ fún Ìyá Àgbà

Mo mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ènìyàn lè yà sí láti Òkè Baálẹ̀ dé Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Mo mọ ilé epo tí wọ́n máa ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti sọnù. Mo mọ mọ́ṣáláṣí tí omi kì í tán nínú bútà rẹ̀, tí bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ kì í sì í bi ènìyàn léèrè ẹ̀sìn. Mo mọ aránṣọ kan tí mo máa ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀ láìnílò bọ́tìnnì, kí ó lè jẹ́ kí n wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bọ́tìnnì tó wà nínú àpótí mi kò níye.

N kì bá tí sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ, nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ irú àìsàn mi fún ọmọbìnrin kan, pé ó ti jókòó síta fún wákàtí méjì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ rẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè. Mo kàn mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ń kọ èyí sí, àti ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sírú ibẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán ni, mo sì rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Òkè-Fìà. Inú kọ́kọ́ ń ṣí mi. Mo ní oúnjẹ ìta ni. Lẹ́yìn náà mo rí ohun kan tó ń fà bí ilá nínú ìgbẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní bóyá ata rodo ni. Mo kàwé, mo mọ̀ pé ata kì í rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo da omi lé e, mo sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Bí a bá lọ wọn ilẹ̀ nínú igbó, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo máa ń fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa ṣán igbó á wá pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká sinmi o. Sọ̀féyọ̀ ti lọ wọn ilẹ̀ tirẹ̀!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo rù tí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, mo fi fóònù sọ fún màmá mi, tó ń gbé ní Ìwàrà. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìwọ àti ohun dídùn! Láti kékeré lo ti ń bu ṣúgà lá." Àbúrò rẹ̀, Àǹtí Bísí, tó wà ní Iléṣà, ti ní àgbo rẹ̀ nínú ìgò kí n tó délé. Egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle ni. N kò mu ún nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Òṣogbo ni mo lọ.

Ẹni tí inú ń ṣí ló mọ ohun tí títò sórí ìlà jẹ́. Orí bẹ́ǹṣì ni a máa ń sún díẹ̀díẹ̀, bí ènìyàn bá sì dìde, àyè rẹ̀ ti lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mẹta rèé o. Bí ẹ bá tún dìde, mo ti wọlé nìyẹn." Mo tún dìde. Nígbà tí mo padà, ó wo ojú mi, ó wo bí mo ṣe di ògiri mú, ó sì sún sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kó kọjá," ló sọ fún àwọn yòókù. N kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dúpẹ́, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó tóbi jù, níbi tí wọ́n ti fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ìdí wo inú mi. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ìtìjú rẹ̀ ló ju ìrora rẹ̀ lọ. Dókítà mi jẹ́ obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kò ràn, kì í sì í ṣe ṣúgà ló fà á. Ó ní ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun mi jà títí ó fi ń dá ọgbẹ́ sí i. "A kò ní oògùn tí yóò gbé e lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n a lè mú un sùn. Bí o bá dá oògùn dúró, á jí."

Mo béèrè bóyá ó lè pa mí.

"Bí o bá ń lo oògùn rẹ, ogbó ni yóò pa ẹ́."

Oògùn náà wọ́n, nígbà mìíràn mi ò sì rí i rà ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ó mú un sùn. Mo ń fi ìwé kékeré tí a fi ń kọ ìwọ̀n ilẹ̀ kọ ohun tí mo jẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́, àti iye ìgbà tí mo yàgbẹ́. Ọjọ́ tí onílé ní kí a kó jáde, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọjọ́ tí ọ̀gá bú mi níwájú oníbàárà nítorí òkúta ààlà tí ẹlòmíràn rì síbi tí kò tọ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n jí fóònù mi nínú kẹ̀kẹ́, tí inú mi bàjẹ́ ju ti ọjọ́ méjèèjì yẹn lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Nítorí náà n kò lè bá àwọn tó ń sọ pé ìrònú ló ń fà á sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ó bá ti fẹ́ jí tẹ́lẹ̀, wàhálà máa ń tètè jí i.

Ohun kan wà tí n kò kọ sínú ìwé yẹn: iye irọ́ tí mo ń pa. Mojí, tí mo fẹ́ fi ṣe aya, jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ọmọ Iléṣà ni. Nígbà tó rí oògùn mi, mo ní fítámì ni. Nígbà tí mo bá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ́, mo ní inú rírun ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo kọ iyán, nítorí n kò fẹ́ kí inú ṣí mi nílé wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, Màmá Mojí dúró tì mí pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Ọmọ Ìwàrà ni ẹ́, àbí? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni kì í jẹ iyán? Àbí wọ́n sọ fún ẹ pé mo ń fi nǹkan sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ṣeré. Bí a ṣe ń padà bọ̀, Mojí ní, "Màámi ní o ń fura sí àwọn. Wálé, bí o bá kọ iyán lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé. Màmá mi àti Àǹtí Bísí pè mí. Wọ́n ní kí n mu àgbo náà kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n oògùn òyìnbó kò ní jẹ́ kó ríbi ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sí mi dáadáa, nítorí pé kì í ṣe òpè ni mí. Mo ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ro ìṣirò. Mo ní bí mo bá lo méjèèjì pọ̀, n kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Mo ní kí n dá ti dókítà dúró, kí n mu àgbo nìkan, kí n sì wò ó. Mo pe ara mi ní ẹni tó ń ṣe ìwádìí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara mi yá. Dókítà ṣàlàyé fún mi nígbẹ̀yìn pé oògùn tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, inú ṣí mi. Àǹtí ní, "Ó ń fọ ìdọ̀tí jáde ni." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ dé. Àǹtí ní, "Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń jáde yẹn, jẹ́ kó jáde tán." Ẹ kíyè sí i: bí ó bá sàn, àgbo ló ṣe é, bí ó bá burú sí i, àgbo náà ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tó lè fi hàn pé irọ́ ni, kò yẹ kí ènìyàn fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo mọ èyí nísinsìnyí. Nígbà yẹn, mo kàn yéé jẹun ni, fún ọjọ́ méjì gbáko kí a tó lọ sí Iléṣà.

Àwa mẹ́rin ni a lọ láti ìhà tiwa: àbúrò bàbá mi tó ni mọ́tò, màmá mi, Ìyá Àgbà, àti èmi. Ìyá Àgbà ni ó bí bàbá mi tó ti di olóògbé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ṣì máa ń jókòó ti kòkó tó ń sá pẹ̀lú igi lọ́wọ́, kí ewúrẹ́ má sún mọ́ ọn. Orúkọ oríkì mi, Àjàní, ló máa ń pè mí.

Èmi àti àbúrò bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí a dìde, a jókòó. Orí àga gígùn tí wọ́n da aṣọ funfun bò ni èmi àti Ìyá Àgbà jókòó sí. Kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, Màmá Mojí fúnra rẹ̀ gbé iyán dé iwájú mi. Gbogbo ilé ń wò mí. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú ẹ̀gúsí tó ta bí iná. Màmá Mojí jó padà sí ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Mojí, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ wọn, ní kí a di ojú kí a gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ìrìn àjò wa, ó gbàdúrà fún ìjọba, fún òjò, fún kòkó, fún àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Nígbà tó dé orí òkè òkun, mo mọ̀ pé n kò ní lè dé ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó wo ló ń dìde nígbà tí bàbá ìyàwó ń gbàdúrà lé e lórí? Mo fún ara mi pọ̀. Òógùn bò mí. Ó sì ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ojú wà ní dídì. Nígbà tí mo la tèmi, Ìyá Àgbà ń wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo aṣọ àga náà. Ó rọra ní, "Àjàní, má dìde." Kí wọ́n tó ṣe àmín tán, ó ti figbe ta.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi o! Ogbó ti dójú tì mí. Mo ti ba àga ulé àna mi jẹ́."

Àwọn obìnrin dìde. Ó na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n dúró. "Ọmọ mi ni kó mú mi lọ. Ojú ń tì mí sí ẹ̀yin." Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ní, "Di èyí mọ́ ìdí, kí omi má ta sí ẹ láṣọ." Ó fara tì mí bí aláìlera, ẹni tó rìn lọ sí oko fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ àná, a sì jáde.

Nínú balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. "Bọ́ ṣòkòtò."

"Ìyá..."

"Mo ti wẹ bàbá rẹ, mo ti wẹ ìwọ náà. Kí lo ní tí n kò tíì rí?"

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó ní kí n wọ̀ ọ́ ní tútù, pé wọ́n á rò pé omi tí mo fi wẹ òun ni. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó dà á sí ẹ̀yìn ìró ara rẹ̀. N kò sọ pé kó má dà á. Mo dúró, mo ń wò ó.

Nígbà tí a padà wọlé, wọ́n ti ká aṣọ àga kúrò. Màmá Mojí pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ! Ẹlòmíràn á ti sá jáde. Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá bàbá rẹ̀ báyìí, ṣé kò ní tọ́jú ọmọ wa?" Bàbá Mojí ní ó parí, àwọn ti fún wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ ṣé mà."

Nígbà tí a fẹ́ lọ, àbúrò bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yìí ṣì tuntun." Màmá mi wá ọ̀rá dúdú ńlá kan, irú èyí tí a fi ń bo kòkó bí òjò bá ṣú, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó. Ìyá Àgbà jókòó lé e. Láti Iléṣà dé Ìwàrà, bí ó bá ti mira, ọ̀rá náà á dún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, lórí tìmùtìmù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Mo sọ ọ̀rọ̀ àgbo fún dókítà. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìwọ tí o kàwé." Nígbà tí Mojí wá wò mí, mo ní taifọ́ọ̀dù ni.

Ara mi tún bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Oṣù kan sí i ni a ṣe ìdúpẹ́ ìkórè ní Ìwàrà, mo sì lọ. Kí n tó gbọ́njú ni Ìyá Àgbà ti ń ru kòkó agbo ilé wa lọ sí iwájú pẹpẹ, tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn, ìyàwó àbúrò bàbá mi ló rù ú. Mo sáré padà sílé. Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti wọṣọ, ó ti wé gèlè.

"Wọ́n ní kí n jókòó," ló sọ. "Wọ́n ní bí ó bá tún ṣe mí níwájú pẹpẹ ńkọ́."

Mo wọlé lọ bu omi fún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi ni mo ti rí àpò páńpáàsì àgbàlagbà méjì, tí wọn kò tíì tú. Màmá Mojí ló fi wọ́n ránṣẹ́. Kò ṣe é láti fi bú u. Àánú ló ṣe é.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí èmi sọ kí ni? Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ yẹn wà?"

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mojí ní Òṣogbo, mo sì gbé ìwé kékeré náà fún un. Ó kà á pẹ́.

"Fítámì," ló wí. "Inú rírun. Taifọ́ọ̀dù. Kí ló tún kù?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìgbẹ́ kọ́ ló ń bí mi nínú, Wálé. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ kíláàsì mi ń yàgbẹ́ sára. Ìyá yẹn ni. Ibi tí o ti jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá fún un, ibẹ̀ náà ni wàá ti ká a."

A padà sí pálọ̀ yẹn, àwa àti àwọn kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àyàfi Ìyá Àgbà. Àga ti ní aṣọ tuntun. N kò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ ní ṣókí: èmi ni, kì í ṣe Ìyá, àìsàn kan wà lára mi tí kò ní lọ, mo fi pamọ́. Màmá mi bojú. Màmá Mojí wò mí títí.

"Iyán mi ló fà á?"

"Rárá mà. Èmi ni mo dá oògùn dúró."

"Ìyá yẹn wá jókòó, ó ń gba páńpáàsì lọ́wọ́ mi." Ó mi orí. "Tí mo ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àna mi ti darúgbó."

Bàbá Mojí wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

"Bàbá Mojí," ni ìyàwó rẹ̀ ké, "ẹ jọ̀ọ́, kó ṣe ṣókí o! Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò lè bá wọn rín in.

Màmá Mojí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìwàrà, mo sì tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá gbé e dìde, wọ́n jọ jẹun. Lẹ́yìn náà Ìyá wọlé, ó gbé àpò páńpáàsì méjèèjì jáde, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. "Ẹrù rẹ rè é, Àjàní. Mo ti bá ẹ rù ú tó."

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, n kò sì dá a dúró mọ́. Àìsàn náà ń sùn. Ó jí lẹ́ẹ̀kan, kò sì burú tó ti àkọ́kọ́. Mo mọ oúnjẹ tó ń yọ mí lẹ́nu, tèmi nìkan ni, n kò lè sọ ti ẹlòmíràn. Àwọn tí a jọ ń wọn ilẹ̀ mọ̀, wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró dè mí. A kò tíì dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Mojí ní òun ṣì ń wò mí, n kò sì lè bá a jiyàn. Bí ẹ bá ń retí kí n sọ pé ojú kò tì mí mọ́, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o jókòó síta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, pe ẹnì kan. Pè é kí ẹlòmíràn tó bá ọ gbà á rù.

Ìkórè ọdún yìí ti kọjá. Ìyá Àgbà ló ru kòkó wa lọ sí iwájú pẹpẹ. Inú mi kò dára lọ́jọ́ náà, mo sì mú ọ̀kan nínú páńpáàsì yẹn, mo wọ̀ ọ́ sí abẹ́ ṣòkòtò mi. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé Ìyá lọ, ó ń dún díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rá. Ó dá mi lójú pé àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Ojú ń tì mí, mo sì ń rìn lọ lẹ́yìn rẹ̀.